Bí Ẹ Ṣe Lè Rán Bàlúùnù Lọ Sókè Réré, Kí Ẹ sì Rí Ẹrù Rẹ̀ Gbà Padà

"Gáàsì tó pọ̀ tó wo la máa rà?" Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ wọn máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ rán bàlúùnù lọ sí òkè òfuurufú. Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Bàlúùnù tí gáàsì bá ti wà nínú rẹ̀ á gòkè, kò sí àní-àní. Iṣẹ́ tó le ni kí ẹrù tó gbé lọ padà sọ́wọ́ yín, pẹ̀lú àwòrán àti àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa wá a kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí gbogbo nǹkan yòókù tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn.

## Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lójú òfuurufú

Nígbà tí bàlúùnù bá ń kúrò nílẹ̀, kì í fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 2 lọ. Bó ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ìta ń fúyẹ́ sí i, tí gáàsì inú rẹ̀ sì ń wú. Tó bá ń gun mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, á tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 100 kó tó dé kìlómítà 30. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ilẹ̀ lọ. Rọ́bà náà á ti fẹ̀ tó mítà 8 nígbà yẹn, á sì bẹ́.

Lẹ́yìn tó bá bẹ́, ẹrù á máa já bọ̀ kíkankíkan. Páráṣúùtì kò tíì rí afẹ́fẹ́ gidi dì mú, nítorí náà ó lè máa bọ̀ ní ju mítà 50 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ni á máa rọ̀, títí á fi balẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Láti ìgbà tó bẹ́ títí tó fi balẹ̀ máa ń tó ìṣẹ́jú 35 sí 45.

Òtútù ni ọ̀tá tó kù. Ní agbègbè olóoru, ibi tó tutù jù wà ní nǹkan bíi kìlómítà 16 sí 17, òtútù rẹ̀ sì lè tó −80°C. Ní agbègbè olótùútù, nǹkan bíi kìlómítà 11 ni òtútù ti ń le, −50°C sí −60°C.

## Kí ẹ tó ná owó kankan: ẹ gba àṣẹ

Ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ òfuurufú ni bàlúùnù yín máa là kọjá, lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tó ń lọ àti nígbà tó ń bọ̀. Ẹ má sọ fún ara yín pé ohun kékeré ni, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

1. Ẹ kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní orílẹ̀-èdè yín, ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti máa tú u sílẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí, ìwọ̀n ẹrù, àti bó ṣe máa ga tó.
2. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa gbé NOTAM jáde, ìyẹn ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀ òfuurufú. Ẹ gba nọ́ńbà tí ẹ máa pè láàárọ̀ ọjọ́ náà.
3. Ẹ jẹ́ kí ẹrù fúyẹ́. Nínú òfin ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfuurufú, bàlúùnù tí gbogbo ẹrù rẹ̀ kò tó kílò 4 ló wà ní ìsọ̀rí tó fúyẹ́. Okùn ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé agbára tó tó newton 230 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló lè já a, bàlúùnù náà ti bọ́ sí ìsọ̀rí tó wúwo nìyẹn, bí ẹrù rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tún lè fi tirẹ̀ kún un.
4. Tí ẹ bá máa lo rédíò tó ń béèrè láísẹ́ǹsì, ẹ wá ẹni tó ní láísẹ́ǹsì náà, kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lójú tèmi, kílò kan ló dáa jù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sí ìgbà kejì.

## Ohun èlò

- Bàlúùnù rọ́bà irú èyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń lò. Oníwọ̀n gíráàmù 1,200 tó fún ẹrù kílò kan.
- Páráṣúùtì aláwọ̀ tó ń tàn (pupa tàbí ọsàn), fífẹ̀ rẹ̀ nǹkan bíi mítà 1 fún ẹrù kílò kan
- Àpótí fóòmù funfun
- Tírákà (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ẹrù wà fún yín) méjì tí ọ̀nà ìfiránṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra
- Kámẹ́rà, pẹ̀lú mẹ́mórì káàdì tó ní àyè wákàtí mẹ́ta ó kéré tán
- Bátìrì lítíọ̀mù tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gba iná sí
- Okùn náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́, téèpù líle, okùn ike tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń di wáyà pọ̀
- Bébà tó ń dán bíi jígí tí ẹ ká sí igun-igun, kí rédà lè rí bàlúùnù yín
- Sílíńdà gáàsì, ẹ̀rọ tó ń dín agbára gáàsì kù, àti rọ́bà tí gáàsì máa gbà
- Ìbọ̀wọ́, aṣọ ìtẹ́lẹ̀ tó mọ́ tí kò ní òkúta tàbí ẹ̀gún, òṣùwọ̀n kékeré

Lórí bátìrì, mi ò ní fi bọpo bọyọ̀. Bátìrì alkaline tí a ń fi sí tọ́ọ̀ṣì máa ń kú nínú òtútù yẹn. AA onílítíọ̀mù, bíi Energizer Ultimate Lithium, ni wọ́n ṣe láti ṣiṣẹ́ dé −40°C, nínú àpótí fóòmù kò sì yẹ kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

## Tírákà: ibi tí ọ̀pọ̀ ti pàdánù ẹrù wọn

Ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí.

Ọjọ́ kan wà tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà dúró ti láptọ́ọ̀pù kan. Nọ́ńbà tó ń sọ bí bàlúùnù ṣe ga tó ń yí lójú wa: 11,820, 11,905, 11,990. Ló bá dákẹ́. Rédíò ṣì ń wọlé, bátìrì ṣì dáa, àmọ́ GPS kò mọ ibi tó wà mọ́. Ó lé ní wákàtí kan tí a fi ń wojú ara wa. Àfi ìgbà tí nọ́ńbà tún yọ, tí ẹrù ti ń já bọ̀, tó ti wálẹ̀ kọjá kìlómítà 12. A rí i gbà lọ́jọ́ náà, àmọ́ a kò mọ ibi tó ga dé títí dòní.

Ohun tó fà á rọrùn. Ọ̀pọ̀ GPS, títí kan àwọn u-blox tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn, ní ètò tí wọ́n ń bá dé láti ilé iṣẹ́, tó wà fún ìlò lórí ilẹ̀. Ètò yẹn ń parí ní kìlómítà 12. Ètò mìíràn wà nínú wọn fún ohun tó ń fò, tó lè dé kìlómítà 50, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa pàṣẹ fún un. Ẹ jẹ́ kí kóòdù yín máa fi àṣẹ náà ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá tàn, torí pé tí iná bá já lẹ́ẹ̀kan, ó lè gbàgbé. Àwọn GPS mìíràn tún wà tí kì í ṣiṣẹ́ kọjá kìlómítà 18 rárá. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ náà kí ẹ tó rà á.

Irú tírákà wo wá ni kí ẹ lò?

Rédíò LoRa tàbí APRS, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà fi ìròyìn kúkúrú ránṣẹ́ lórí rédíò. Òun ni kó jẹ́ àkọ́kọ́. Ó ń sọ ibi tí ẹrù wà láti ìgbà tó gbéra títí tó fi balẹ̀. Nítorí pé kò sí òkè tàbí ilé tó dí i lọ́nà, rédíò tí agbára rẹ̀ kò ju milliwatt 10 lọ lè dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láti òkè. Ẹ wo ìkànnì rédíò tí òfin gbà láàyè lọ́dọ̀ yín. APRS, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 144.39 MHz ní Amẹ́ríkà àti 144.80 MHz ní Yúróòpù.

Tírákà sátẹ́láìtì. Ẹnì kejì tó dáa gan-an, torí pé ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ẹrù ti balẹ̀ sínú kòtò tí rédíò kò lè jáde níbẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ sókè. Tí àpótí bá dojú dé, ó lè dákẹ́. Ẹ gbé e sí òkè pátápátá nínú àpótí, kí ẹ sì fi nǹkan wúwo sí ìsàlẹ̀.

Fóònù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Òpó fóònù ń kọjú sí àwọn tó wà nílẹ̀, bí ẹrù bá sì ti gòkè kìlómítà díẹ̀, fóònù á pàdánù rẹ̀. Ibi tí ẹrù máa ń balẹ̀ sí, oko tàbí igbó, kì í sábà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jí pépé. Àwọn ibì kan tún ka lílò ó lójú òfuurufú sí èèwọ̀, bí òfin FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti fóònù, ti ṣe ní Amẹ́ríkà.

Ẹ fi ohun kan kún un tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan: fèrè kékeré oníbátìrì tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Nínú koríko tó ga dé àyà, etí ló máa ń ríran ju ojú lọ.

## Bí ẹ ṣe máa to àpótí

1. Ẹ wá fóòmù tí ara rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Àpótí tí wọ́n fi ń gbé oògùn tàbí ohun tútù ṣe é lò.
2. Ẹ kó bátìrì sí àárín, kí ẹ̀rọ yòókù yí i ká. Ooru tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń mú jáde ló máa ń gbà á.
3. Ẹ gé ojú kámẹ́rà kó ṣe déédéé pẹ̀lú ara fóòmù. Ẹ má fi gíláàsì tàbí ọ̀rá bo iwájú rẹ̀; ìrì á dì sí i, gbogbo àwòrán á dà bí èéfín.
4. Ẹ dá ihò kékeré kan lu àpótí. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde bó ṣe ń gòkè. Tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ pa pátápátá, ìdérí lè ṣí fúnra rẹ̀.
5. Okùn gbọ́dọ̀ gba abẹ́ àpótí kọjá, bí ìgbà tí a bá di ẹrù, kó má jẹ́ pé ìdérí nìkan ló ń gbé gbogbo ìwọ̀n.
6. Ẹ kọ̀wé sí ìta lẹ́tà gàdàgbà-gadagba, ní gbogbo èdè tí wọ́n ń sọ lágbègbè náà: "Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí. Kò léwu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí." Ẹ fi téèpù tó mọ́ gaara, tí a lè rí ìwé lábẹ́ rẹ̀, bo ìwé náà kí òjò má pa á rẹ́. Wáyà kankan kò gbọ́dọ̀ yọ síta. Ẹni tó bá rí àpótí onítéèpù tí wáyà ń yọ lára rẹ̀ lè sá, ó sì lè pe ọlọ́pàá.

Àpò kẹ́míkà tí àwọn èèyàn fi ń mú ọwọ́ gbóná nígbà òtútù kò wúlò níbí. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló ń mú un gbóná, lókè yẹn ọ́síjìn kò tó nǹkan.

Tí ẹ bá fẹ́ wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́, ẹ ṣọ́ sẹ́ńsọ̀ tí ẹ ń rà. BMP280, tó wọ́pọ̀ jù, kò ní ẹ̀rí ìpéye nísàlẹ̀ 300 hPa (hectopascal, tí a fi ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́), ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 9. Ìdá mẹ́ta ìrìn náà péré ló lè wọ̀n fún yín. MS5611 ń dé 10 hPa, ó sì tó fún kìlómítà 30. DS18B20 tó ń wọn ooru pàápàá ń parí ní −55°C. Ìwọ̀n tí ẹ bá rí kọjá ibẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

Kóòdù tó ń kọ àkọsílẹ̀ sórí káàdì gbọ́dọ̀ máa ti fáìlì lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan tàbí lẹ́yìn ìlà díẹ̀. Àìṣe bẹ́ẹ̀, tí bátìrì bá já nígbà tí àpótí bá lu ilẹ̀, fáìlì òfìfo lẹ máa bá níbẹ̀.

## Ètò okùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀

Bàlúùnù, okùn mítà 5 sí 10, páráṣúùtì, okùn mítà 3 sí 5, bébà rédà, okùn mítà 2 sí 3, àpótí. Ẹ má ká páráṣúùtì sínú àpò. Orí rẹ̀ ni kí ẹ so okùn bàlúùnù mọ́, kó rọ̀ gbọọrọ láti ilẹ̀, kó lè ṣí fúnra rẹ̀ ní kété tí bàlúùnù bá bẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn okùn kúkúrú torí pé ó rọrùn láti tú sílẹ̀. Tí ó bá kúrú jù, àfọ́kù rọ́bà máa ń wé mọ́ páráṣúùtì, ẹrù á sì já bọ̀ bí òkúta.

Ẹ fi ìkọ́ alápòyí tí àwọn apẹja ń lò sí òkè àpótí, kí okùn má baà lọ́ pọ̀.

## Ìdánwò kí ọjọ́ tó pé

- Ẹ tan gbogbo ẹ̀rọ, ẹ gbé àpótí sínú fírísà fún wákàtí mẹ́rin. Ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ gbé e jáde? Ṣé kámẹ́rà ya fídíò títí?
- Ẹ jù ú láti òkè ilé alájà méjì sórí koríko, láìlo páráṣúùtì. Tí nǹkan bá tú nínú rẹ̀, ẹ tún un tò.
- Ẹ gbé e sínú mọ́tò, kí apá kan ẹgbẹ́ yín wa mọ́tò náà lọ síbi tí ẹ kò mọ̀, kí apá kejì wá a kàn pẹ̀lú àwọn ohun tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìdánwò kẹta yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ń fi hàn pé láptọ́ọ̀pù kò ní máàpù nínú nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ.

## Ìṣirò gáàsì

Híílíọ̀mù mítà kúbíìkì kan (àyè tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga) nílẹ̀ ń gbé nǹkan bíi kílò kan. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

- Bàlúùnù fúnra rẹ̀: kílò 1.2
- Gbogbo ohun tó so kọ́ ọ (àpótí, páráṣúùtì, okùn, bébà rédà): kílò 1
- Agbára àlékún tó máa mú un gun mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá: nǹkan bíi kílò 1

Àpapọ̀ jẹ́ kílò 3.2, ìyẹn nǹkan bíi mítà kúbíìkì 3.1 ti híílíọ̀mù. Ẹ ra jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí pé díẹ̀ máa ń ṣòfò.

Lọ́jọ́ náà, ẹnu bàlúùnù ni ẹ ti máa wọ̀n ọ́n. Agbára tó gbọ́dọ̀ máa fa ẹnu rẹ̀ sókè ni ti ẹrù pẹ̀lú àlékún: kílò 2. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, torí náà ẹ bu omi sínú ìgò ike títí òun àti okùn rẹ̀ fi wọn kílò 2 lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ so ó mọ́ ibi tí gáàsì ń gbà wọlé. Ẹnì kan á gbé rọ́bà gáàsì lọ́wọ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ má wọ̀ ọ́. Nígbà tí gáàsì bá ń kún, ìgò náà á kọ́kọ́ máa wọ́ lórí aṣọ ìtẹ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa gbéra, á tún bà lé. Ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń kan ilẹ̀ kó-kó-kó. Nígbà tó bá dúró lójú afẹ́fẹ́, tí kò gòkè tí kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti gáàsì pa.

Àṣìṣe méjì ló wà níbí, ìkejì burú ju ìkíní lọ. Tí gáàsì bá pọ̀ jù, bàlúùnù á yára gòkè, á bẹ́ kó tó dé ibi tí ẹ fẹ́. Tí ó bá kéré jù, á máa gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ á máa gbé e lọ, nígbà mìíràn kò ní bẹ́ rárá, á léfòó lọ sí ibi tí mọ́tò yín kò lè dé. Tí ẹ kò bá dá ara yín lójú, ẹ fi díẹ̀ kún un.

Háídírójìn pọ́ọ́kú ju híílíọ̀mù lọ, ó sì ń gbé ẹrù jù ú lọ díẹ̀, àmọ́ iná kékeré báyìí ló ń wá. Mi ò ní gba ilé ìwé kankan nímọ̀ràn láti lò ó láìsí ẹni tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ náà. Híílíọ̀mù pàápàá kì í ṣe ohun àfimí: ẹni tó bá fà á símú láti sílíńdà lè dákú, ó sì lè kú.

## Níbo ló máa balẹ̀ sí?

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, SondeHub ní ètò ìsọtẹ́lẹ̀ tí ẹ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa fún un ní ibi ìtúsílẹ̀, àkókò, ìyára ìgòkè, gíga tí bàlúùnù máa bẹ́ sí, àti ìyára ìbalẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ GFS ti NOAA, àjọ ojú ọjọ́ àti òkun ti Amẹ́ríkà, ló ń lò, wọ́n sì ń tún un ṣe ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, àmọ́ ẹ má so ọkàn mọ́ ọn títí á fi ku ọjọ́ méjì. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ìyára 4, 5 àti 6, kí ẹ tún ṣe é pẹ̀lú gíga kìlómítà 25, 30 àti 33. Àwọn àmì tí ẹ máa rí lórí máàpù á tàn káàkiri, gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ni ibi tí ẹrù yín lè balẹ̀ sí.

Ẹ sún un síwájú tí:

- àmì kankan bá bọ́ sórí òkun, odò ńlá, ìlú tó kún, pápákọ̀ òfuurufú tàbí ẹnubodè
- afẹ́fẹ́ ilẹ̀ bá ju mítà 4 sí 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá lọ
- àrá bá ń sán tàbí ìkùukùu òjò bá ṣú
- tírákà kan nínú méjèèjì bá ń ṣe ségesège

Mo mọ bó ṣe máa ń dùn èèyàn láti dá àwọn ọmọ padà sílé lẹ́yìn tí wọ́n ti jí ní ìdájí. Síbẹ̀, ẹ dá wọn padà.

## Ọjọ́ ìtúsílẹ̀

Ìdájí ló dáa jù, kí oòrùn tó mú ilẹ̀ gbóná tí afẹ́fẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ibi gbalasa ni kí ẹ lò, tí kò ní igi tàbí wáyà iná ní apá tí afẹ́fẹ́ ń lọ.

1. Ẹ ṣe ìsọtẹ́lẹ̀ tuntun. Kí ẹgbẹ́ alépa gbéra lọ sí ìtòsí ibi ìbalẹ̀ báyìí, kí wọ́n má dúró wo ìtúsílẹ̀.
2. Ẹ pe àjọ òfuurufú ní nọ́ńbà tí wọ́n fún yín.
3. Ẹ tẹ́ aṣọ ìtẹ́lẹ̀. Ẹ di sílíńdà mọ́ nǹkan kó má ṣubú.
4. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bọ́ òrùka àti aago. Òróró ara ọwọ́ lè sọ rọ́bà di aláìlera, èékánná sì lè dá a lu.
5. Ẹ tan àwọn tírákà. Ẹ dúró títí GPS á fi mọ ibi tó wà, tí láptọ́ọ̀pù á sì gba ìròyìn ó kéré tán mẹ́wàá.
6. Ẹ fi gáàsì kún bàlúùnù pẹ̀lú sùúrù. Èèyàn méjì á fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ gbá a mú pẹ̀lẹ́ kó má baà lu ilẹ̀.
7. Nígbà tí ìgò bá léfòó, ẹ ti gáàsì pa. Ẹ fi okùn ike di ọrùn bàlúùnù ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fi téèpù wé e, ẹ ṣẹ́ ọrùn náà po, ẹ tún un dì. Ibi tó ṣẹ́ po yẹn ni okùn ẹrù máa gbà. Ẹ so okùn náà kí ẹ tó jẹ́ kí ìgò omi kúrò.
8. Ẹ tan kámẹ́rà. Kí ẹnì kan wo iná pupa rẹ̀, kó sì ké e síta. Mo ti rí àpótí tó lọ tó bọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni kò tàn.
9. Ẹ fi téèpù ti ìdérí pa.
10. Ẹ jẹ́ kí okùn máa gba ọwọ́ yín jáde díẹ̀díẹ̀: bàlúùnù lọ, páráṣúùtì lọ, bébà rédà lọ. Ẹni tó mú àpótí ló kẹ́yìn. Kó rìn tẹ̀ lé ibi tí afẹ́fẹ́ ń fà á sí títí bàlúùnù á fi wà lókè orí rẹ̀ gan-an, kó wá ṣí ọwọ́. Kó má jù ú sókè.
11. Ẹ kọ àkókò sílẹ̀.

## Lílépa ẹrù

Èèyàn mẹ́ta ni kó wà nínú mọ́tò, ó kéré tán: awakọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju wíwa mọ́tò lọ, ẹni tó ń wo rédíò, àti ẹni tó mú máàpù. Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ wo ojú láptọ́ọ̀pù rárá.

Ẹ má sáré tẹ̀ lé bàlúùnù lábẹ́. Ibi tó ń lọ ni kí ẹ lọ dúró dè é. Tó bá bẹ́, ẹ fi ibi tó bẹ́ sí ṣe ìsọtẹ́lẹ̀ tuntun, kí ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wá ibi gíga kan dúró sí kó tó wálẹ̀ kọjá kìlómítà kan. Ìdí rẹ̀ nìyí: láti kìlómítà 30, rédíò ń rí ohun tó jìnnà tó 600 kìlómítà, àmọ́ tí ẹrù bá ti wà nínú koríko, ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan ni ẹ lè máa gbọ́ ọ dé. Ìròyìn ìkẹyìn tí ẹ gbà kó tó pa mọ́ sẹ́yìn igi ló ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Tí ìròyìn náà bá wọlé nígbà tó ku mítà 100 kó balẹ̀, ó ku ogún ìṣẹ́jú-àáyá péré, kò lè jìnnà mọ́. Tí ó bá jẹ́ mítà 2,000 ni, ẹ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti wá.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀:

- Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ fi àwòrán àpótí hàn án. Òun fúnra rẹ̀ lè ti rí i.
- Tó bá wà lórí wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi igi yọ ọ́. Ẹ pe iléeṣẹ́ iná.
- Orí igi? Igi gígùn tó ní ìkọ́ lórí dáa ju kí ọmọ kankan gùn ún lọ.
- Ẹ ya àwòrán bó ṣe balẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ ṣe àdàkọ káàdì lójú ẹsẹ̀, nínú mọ́tò.
- Ẹ ṣa àfọ́kù rọ́bà àti okùn kúrò nílẹ̀. Ẹran ọ̀sìn lè jẹ ẹ́.

## Tí ẹ kò bá rí i

Ẹ má kúrò níbẹ̀ kíákíá. Láti ibi ìròyìn ìkẹyìn, ẹ fa ìlà sí apá tí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ń fẹ́ sí, kí ẹ rìn ín ní ìlà-ìlà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ẹnì kejì ní mítà 10. Ẹ máa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ fetí sí fèrè. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ fi ìwé tó ní àwòrán àpótí àti nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí. Ọ̀pọ̀ ẹrù ló jẹ́ pé àgbẹ̀ tàbí ọdẹ ló rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó sì pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹ má pa nọ́ńbà yẹn tì.

## Tí owó tàbí àṣẹ kò bá tíì tó

Ẹ lè kọ́ ìdajì iṣẹ́ yìí láìrán ohunkóhun sókè. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìmọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé ń tú bàlúùnù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ̀rọ kékeré tó wà nídìí rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò láàárín 400 sí 406 MHz. Láptọ́ọ̀pù, rédíò USB kékeré àti áńténà tó. Máàpù SondeHub á fi ibi tí wọ́n wà hàn yín. Ẹ yan ọ̀kan tó ń balẹ̀ nítòsí, ẹ lépa rẹ̀ bí ẹni pé tiyín ni. Kí ẹ tó lọ, ẹ wádìí ohun tí ibùdó náà ní kí ẹni tó bá rí ẹ̀rọ wọn ṣe. Àwọn kan fẹ́ kí ẹ dá a padà. Ẹ ṣírò ìṣẹ́jú tó kọjá láti ìgbà tí ìròyìn ìkẹyìn wọlé títí ẹ fi fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ mú wá sí ìpàdé tí ẹ ti máa yan ọjọ́ tiyín.